Orí Kẹrin: Iṣẹ́ Onímọ̀ Ọrọ̀-Ajé Nídìí Ọjà Ìpamọ́

Ọjà ìpamọ́ ni gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ kan ti fi owó rà, tàbí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n tí kò tíì tà, tí kò sì tíì lò. Àpò fúláwà tó wà nílẹ̀ ní ilé ìṣebúrẹ́dì, kòkó tó wà nínú àpò ní ilé ìkẹ́rùsí ní Oǹdó, oògùn tó wà lórí pẹpẹ ní ilé ìwòsàn, ọtí tó ti wà nínú ìgò ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò tíì kó, àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí wọ́n rà sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, gbogbo wọn ni ọjà ìpamọ́. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó bá yan ẹ̀ka yìí ni ilé iṣẹ́ ń bi ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ló yẹ kó wà nílẹ̀, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó, ìgbà wo ló sì yẹ kí wọ́n tún rà á.

Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ohun tí olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lè dáhùn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ fi gbà pé ẹni tó bá lè ka páálí, kó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ti tó iṣẹ́ náà ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ ló mọ̀ pé páálí 2,000 ló wà nílẹ̀, pé kò dín, kò lé; onímọ̀ ọrọ̀-ajé ló ń béèrè ohun tí owó tó wà nínú páálí 2,000 náà ìbá ti ṣe ká ní kò há síbẹ̀, tó ń béèrè iye oníbàárà tí yóò padà lọ́wọ́ òfo bí páálí náà bá jẹ́ 200 péré, tó sì ń wá ibi tí àdánù apá méjèèjì yóò ti kéré jù lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé kí ìwé àti ọjà bára mu nìkan ló ń dùn mọ́ ọn, yóò ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ sítọ́ọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí orí yìí ń sọ yóò sú u.

Ìnáwó mẹ́ta tí wọn kì í fẹnu kò

Orí ìnáwó mẹ́ta ni gbogbo ìṣirò iṣẹ́ yìí dúró lé. Èkíní ni ìnáwó ìkójàwọlé, ìyẹn owó tí ilé iṣẹ́ ń ná ní gbogbo ìgbà tó bá ránṣẹ́ sí ọjà, yálà ọjà náà kéré tàbí ó pọ̀: owó ọkọ̀, owó àwọn tó ń já ẹrù, owó ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, àti àkókò àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dúnàádúrà. Èkejì ni ìnáwó ìtọ́júpamọ́, tó kó owó ilé, owó ọlọ́dẹ, owó dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kí yàrá tútù má bàa gbóná, ìbàjẹ́, olè, àti èyí tó wúwo ju gbogbo wọn lọ, ìyẹn èlé orí owó tó wà nínú ọjà, pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni àdánù ọjà-tán, èyí tí ilé iṣẹ́ ń jẹ nígbà tí oníbàárà bá dé tí kò bá ohun tó wá rà, tàbí nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró nítorí pé ohun èlò kan ṣoṣo kò sí nílẹ̀. Bí a bá ń rà díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, ìnáwó kìíní yóò ga. Bí a bá ń rà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì yóò ga. Bí a bá sì ń sá fún èkejì jù, ẹ̀kẹta ń bọ̀ lẹ́yìn.

Orí èlé ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù, nítorí pé oníṣòwò tí kò yáwó gbà pé èlé kò kan òun. Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pè ní èrè àgbójúfò ni èrè tí owó ìbá mú wá níbòmíràn ká ní a jẹ́ kó lọ síbẹ̀, bóyá nínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, bóyá nínú ẹ̀ka mìíràn nínú òwò kan náà, bóyá nínú gbèsè tí a ìbá ti san kúrò lọ́rùn. Owó ara ẹni tó há sínú ọjà fún oṣù mẹ́fà ti pàdánù èrè oṣù mẹ́fà yẹn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wá kan ilẹ̀kùn láti gba èlé. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé tí kò bá lè la kókó yìí yé ọ̀gá rẹ̀ ní èdè tí ọ̀gá náà gbọ́ kò ní rí àyè ṣe ìyókù iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ náà ti wá

Ní ọdún 1888 ni Francis Edgeworth, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbìyànjú láti ṣírò iye owó tí báńkì gbọ́dọ̀ tọ́jú sílẹ̀ kí àwọn tó ń wá gba owó wọn má bàa dé kí wọ́n bá àpótí lófo. Owó inú àpótí báńkì náà jẹ́ ọjà ìpamọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀, ìṣirò yìí sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mú àìdánilójú wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1913, Ford Whitman Harris, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà, tẹ ìlànà kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn alábòójútó ilé iṣẹ́ láti fi mọ iye ẹ̀yà tó yẹ kí ilé iṣẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Harris kò lọ sí yunifásítì rárá, síbẹ̀ ìlànà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ títí di òní. Ó tilẹ̀ pẹ́ tí àwọn kan fi ń pe orúkọ R. H. Wilson mọ́ ọn, nítorí àpilẹ̀kọ tí Wilson kọ ní 1934. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ògbóǹtarìgì dá sí i: Kenneth Arrow, Theodore Harris àti Jacob Marschak kọ àpilẹ̀kọ wọn lórí ètò ọjà ìpamọ́ nínú ìwé ìròyìn Econometrica ní 1951, Herbert Scarf sì fi ẹ̀rí ìṣirò múlẹ̀ ní 1960 pé ètò tó rọrùn gan-an ló dára jù nígbà tí ìnáwó ìkójàwọlé kò bá yí padà, ìyẹn ni pé kí ilé iṣẹ́ yan àmì méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó má ra nǹkan kan títí tí ọjà yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé àmì ìsàlẹ̀, nígbà náà ni kí ó rà á padà dé àmì òkè. Arrow gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 1972, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ló tìtorí rẹ̀ gbà á.

Ìtàn yìí wúlò fún olùwáṣẹ́ nítorí ohun kan: ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀ka yìí ti jẹ́ ti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ti ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti ìṣirò papọ̀, àti pé kò sí ẹ̀ka kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè lé èkejì jáde.

Ìṣirò Harris nínú òwò Ìbàdàn

Bí ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn bá ń ta páálí ọṣẹ 12,000 lọ́dún, tí páálí kan jẹ́ ₦12,500 lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o fún un, tí ìkójàwọlé ẹ̀ẹ̀kan ń ná an ní ₦60,000, tí ìtọ́júpamọ́ sì jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà lọ́dún, ìyẹn ìdá 27 fún èlé àti ìdá 5 fún ilé, ọlọ́dẹ àti ìbàjẹ́, a jẹ́ pé páálí kan tó bá fi ọdún kan gbáko jókòó yóò ti ná an ní ₦4,000. Ìlànà Harris ní kí a mú iye tí wọ́n ń tà lọ́dún, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí a fi ìnáwó ìkójàwọlé ẹ̀ẹ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí a fi ìnáwó ìtọ́júpamọ́ páálí kan pín in, kí a sì wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ohun tí a rí yẹn ni yóò fún wa. Níhìn-ín, èsì pínpín jẹ́ 360,000, nọ́ńbà tí a ń wá sì jẹ́ 600. Páálí 600 ló yẹ kí ilé iṣẹ́ náà máa rà lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà 20 lọ́dún. Ìkójàwọlé yóò ná an ní ₦1,200,000, ìtọ́júpamọ́ náà yóò sì ná an ní ₦1,200,000, nítorí pé páálí 300 ni yóò máa wà nílẹ̀ bí a bá dá gbogbo ọdún pọ̀ tí a pín in dọ́gba.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìṣirò yìí ju nọ́ńbà 600 lọ. Bí ọ̀gá bá ta kú pé páálí 900 ni òun fẹ́ máa rà, àpapọ̀ ìnáwó yóò di ₦2,600,000 dípò ₦2,400,000, ìyẹn ni pé àṣìṣe ìdajì odidi nínú iye ọjà kò mú ju ìdá mẹ́jọ àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wọ inú ìnáwó. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó mọ èyí kò ní bá ọ̀gá jà lórí páálí mẹ́wàá tàbí ogún. Yóò fi agbára rẹ̀ pamọ́ de ibi tí àṣìṣe ti ń dunni. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé èlé ń yí iye ọjà padà, ṣùgbọ́n kò yí i padà ní ìwọ̀n kan náà. Ká ní ìdá 16 ni ìtọ́júpamọ́ jẹ́ dípò ìdá 32, páálí tí wọn yóò máa rà kò ní di 1,200. Kò ní pé 850.

Ọ̀rọ̀ èlé yìí kì í ṣe àfinúrò lásán ní Nàìjíríà. Ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń ṣe òdiwọ̀n fún àwọn báńkì yòókù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Nígbà tí oṣù kọkànlá ọdún 2024 fi máa parí, ó ti di ìdá 27.5, ẹ̀yáwó tí àwọn báńkì ń fún oníṣòwò sì máa ń wọ́n ju òdiwọ̀n yẹn lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ra ọjà ní 2024 ní ìwọ̀n tó ń rà á ní 2021 ti ń sanwó fún ìpinnu tí àkókò rẹ̀ ti kọjá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú ìwé sítọ́ọ̀, nítorí pé kò sí páálí kankan tó sọnù.

Nígbà tí owó ọjà ń gòkè

Ẹni tó bá ka ìpín tó ṣáájú lè béèrè ìdí tí àwọn oníṣòwò Lágbájá àti Tàmẹ̀dù ní ọjà Dùgbẹ̀ tàbí Balógun fi ń kó ọjà jọ gan-an ní àkókò tí èlé ga jù lọ, ìbéèrè náà sì dára, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀kọ́ òkèèrè ti máa ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Ìlànà Harris gbà pé iye owó ọjà kò yí padà. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ní oṣù kejìlá ọdún 2024 jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan, ṣáájú kí wọ́n tó tún ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Bí ọjà kan bá ń gbówó lórí ju bí èlé, owó ilé àti ìbàjẹ́ ṣe ń jẹun lọ, jíjókòó rẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ ń mú owó wọlé. Nítorí náà, ìnáwó ìtọ́júpamọ́ tòótọ́ ni èlé pẹ̀lú owó ilé àti ìbàjẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìwọ̀n tí a retí pé owó ọjà náà gan-an yóò fi gòkè kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀wọ́ngógó gbogbo orílẹ̀-èdè ni a ń yọ o. Ti ọjà tó wà nílẹ̀ ni, èyí tó lè yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà fi òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ṣáájú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ètò ìṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ní ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tàbí oògùn òkèèrè nílẹ̀ ní àárín ìgbà yẹn jèrè tí ìṣirò Harris kò lè rí. Ṣùgbọ́n kòkó kọ́ni ní apá kejì rẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé kọjá dọ́là 12,000, ọdún 2025 kò sì tíì parí tó fi já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó fi owó èlé ra kòkó pamọ́ ní góńgó iye náà, ní ìrètí pé yóò tún gòkè sí i, pàdánù lórí ọjà, ó sì tún san èlé lórí àdánù. Ìdí nìyí tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé fi gbọ́dọ̀ pín ọjà ìpamọ́ sí méjì nínú ìwé rẹ̀: èyí tí òwò nílò kí iṣẹ́ má bàa dúró, àti èyí tí a rà nítorí pé a ń retí kí owó rẹ̀ gòkè. Apá kejì yìí jẹ́ tẹ́tẹ́ tó wọ aṣọ òwò. Ó lè bójú mu, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni òun ń ta, kó sì mọ iye tí òun fi ta á.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò èrè náà so mọ́ èyí. Láti ọdún 2012 tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, ìlànà tí wọ́n ń pè ní IAS 2 ló ń sọ bí wọn yóò ṣe kọ iye ọjà ìpamọ́: wọn yóò lo iye tí wọ́n rà á tàbí iye tí wọ́n lè tà á lẹ́yìn ìnáwó títà, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì, wọ́n sì lè gbà pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ jáde, tàbí kí wọ́n dá iye gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n pín in. Ìlànà náà kò gbà kí a ka èyí tó dé kẹ́yìn sí èyí tó kọ́kọ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà gbà á. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní àkókò ọ̀wọ́ngógó ni pé ọjà tí wọ́n rà ní ₦10,000, tí wọ́n tà ní ₦13,000, yóò fi èrè ₦3,000 hàn nínú ìwé, nígbà tí òmíràn irú rẹ̀ ti di ₦13,500. Bí wọ́n bá pín ₦3,000 náà fún àwọn onípìn-ín, owó òwò ni wọ́n ń jẹ. Oníṣirò owó ti ṣe ohun tí òfin wí. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni yóò kọ ìwé kejì tí yóò fi iye ìtúnrà hàn.

Àìdánilójú, búrẹ́dì àti èbúté

Bí ilé iṣẹ́ ọṣẹ yẹn bá ń ta páálí 40 lójúmọ́, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 300, tó sì ń gba ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá kí ọjà tó dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ sí i, páálí 400 ni wọn yóò ti tà kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n títà kì í dọ́gba lójoojúmọ́, ọkọ̀ náà sì lè kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà wọn yóò fi ọjà ìṣọ́ra kún un, ká ní páálí 100, wọn yóò sì máa ránṣẹ́ nígbà tí ọjà bá ku 500. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó nìkan ló ń pinnu ìwọ̀n ọjà ìṣọ́ra. Àìdúróṣinṣin ọ̀nà àti ti títà ló ń pinnu rẹ̀ jù. Ọjà tó ń gba 20 ọjọ́ tí kì í yẹ̀ rọrùn-ún ṣètò ju èyí tó ń gba ọjọ́ mẹ́wàá lónìí, tó sì ń gba 40 lọ́la, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti dúró de àpótí ẹrù ní èbúté Apápá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Èbúté Lẹ́kí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 fún àwọn oníṣòwò ní ọ̀nà kejì, èyí tó yẹ kí ìṣirò ọjà ìṣọ́ra wọn fi hàn.

Ètò ilé iṣẹ́ Toyota ní Japan, tí Taiichi Ohno jẹ́ baba rẹ̀, ní kí ohun èlò dé ní ìgbà tí a nílò rẹ̀ gan-an, kí sítọ́ọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn olùdámọ̀ràn kan ń ta ètò náà fún àwọn ilé iṣẹ́ wa láìsọ pé ó dúró lórí ọ̀nà tó dára, iná tí kì í lọ, àti àwọn olùpèsè tó wà nítòsí. Toyota fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 2011, sọ fún àwọn olùpèsè rẹ̀ kan pé kí wọ́n máa tọ́jú èlò kọ̀ǹpútà tó ń lọ sínú ọkọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan sílẹ̀.

Ọjà tó ń bàjẹ́ kíákíá ní ìṣirò tirẹ̀. Bí búrẹ́dì kan bá ná oníléeṣẹ́ ní ₦1,000, tó ń tà á ní ₦1,300, tí èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì sì ń lọ ní ₦900, búrẹ́dì tí kò ṣe tí oníbàárà sì béèrè ti mú kó pàdánù ₦300, èyí tó ṣe tí kò tà sì mú kó pàdánù ₦100. Ìṣirò ní kí a pín 300 sí àpapọ̀ méjèèjì, ìyẹn 400: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìwọ̀n tó yẹ kó ṣe ni èyí tí yóò tó àwọn oníbàárà ní ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí búrẹ́dì tán ní ọjọ́ kẹrin. Oníléeṣẹ́ tó ń yangàn pé búrẹ́dì òun kì í tán rí ń ṣe búrẹ́dì jù. Ní ti oògùn, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀mí èèyàn ló wà lápá kan òṣùwọ̀n, àjọ NAFDAC sì wà lápá kejì lórí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Níbẹ̀, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, láìka ìgbà tó wọlé sí.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Hau Lee, Padmanabhan àti Whang, ṣàlàyé ní 1997 bí ìyípadà kékeré lọ́wọ́ oníbàárà ṣe ń di ńlá bó ṣe ń gba ọwọ́ alátùntà, alágbàtà àti oníléeṣẹ́ kọjá, nítorí pé olúkúlùkù ń fi ọjà ìṣọ́ra tirẹ̀ kún ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹni tó tẹ̀ lé e. Oògùn rẹ̀ ni kí oníléeṣẹ́ máa rí iye tí oníbàárà ìkẹyìn rà, kó má gbára lé iye tí alágbàtà béèrè.

Ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, tó ń gba ọdún mẹ́rin ní àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn, Èkó àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìsìnrúìlú NYSC. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ ibi tó ń lọ kò gbọdọ̀ sá fún ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ data, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sá. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá gbà á láyè, kí ó gba ẹ̀kọ́ kan nínú ìmọ̀ ìṣirò owó àti òmíràn nínú ìmọ̀ ìṣirò ìpinnu tí wọ́n ń pè ní operations research. Excel ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, ó sì ṣòro láti rí ilé iṣẹ́ tí kò lò ó. SQL, tó ń fa àkọsílẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ni èkejì. Python tàbí R wúlò fún ìfojúsọ́nà ìtajà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì máa ń lo SAP tàbí irú rẹ̀.

Lẹ́yìn oyè, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ń ṣí ilẹ̀kùn. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 ló gbé àjọ CIPSMN kalẹ̀ fún àwọn tó ń ra ọjà tí wọ́n sì ń pèsè rẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí CPIM tí àjọ ASCM ti Amẹ́ríkà ń fúnni dá lórí ọjà ìpamọ́ gan-an, ó sì níyì lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè. Ìwé ẹ̀rí kò lè rọ́pò òye. Ẹni tó ní CPIM tí kò lè ṣàlàyé ìdí tí páálí 600 fi dára ju 2,000 lọ fún oníléeṣẹ́ tí kò kàwé kò tíì mọṣẹ́.

Nínú ìpolówó iṣẹ́, orúkọ onímọ̀ ọrọ̀-ajé kì í sábà hàn. Inventory Analyst, Demand Planner tàbí Supply Chain Analyst ni wọn yóò kọ, èyí tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó tọ́ sí wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ, ọtí, ọṣẹ àti oògùn ní Àgbárá, Ọ̀tà, Ìkẹjà, Ṣágámù àti Ìbàdàn ló ń gbà wọ́n jù. Àwọn ilé ìtajà ńlá, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́, àti àwọn báńkì tó ń yá oníṣòwò lówó lórí ọjà tó wà nílẹ̀ náà nílò wọn.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í dùn. Ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́ yóò lọ lórí títún àkọsílẹ̀ ṣe, nítorí pé ohun tí kọ̀ǹpútà wí àti ohun tó wà lórí pẹpẹ kì í sábà bára mu. Ọjà kan yóò ní orúkọ mẹ́ta, òmíràn yóò ti tán láti ọdún tó kọjá tí ìwé ṣì ń kà á. Ẹni tó bá ka kíka ọjà sí iṣẹ́ rírẹlẹ̀, tí kò wọ sítọ́ọ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i, yóò máa fi ìmọ̀ gíga ṣe ìṣirò lórí irọ́. Nígbà tí àkọsílẹ̀ bá ti tọ́, yóò pín ọjà sí ìsọ̀rí mẹ́ta: àwọn díẹ̀ tó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó, tí a ń fojú sí lójoojúmọ́, àwọn tó wà láàárín, àti ọ̀pọ̀ yòókù tí owó wọn kò tó nǹkan, tí a lè rà lọ́pọ̀ kí a sì gbàgbé wọn.

Ní òpin oṣù, òṣùwọ̀n tí ọ̀gá yóò kọ́kọ́ béèrè ni ìyípo ọjà, ìyẹn iye ìgbà tí owó inú ọjà jáde tó sì padà wọlé láàárín ọdún, èyí tí a ń rí bí a bá fi iye ọjà tó wà nílẹ̀ pín iye tí ọjà tí a tà lọ́dún ná wa. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà ń ta ọjà tó ná an ní ₦150,000,000. Bí páálí 2,000 bá ń wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ₦25,000,000 ló há, ìyípo sì jẹ́ mẹ́fà. Bí ó bá tẹ̀ lé ètò tí a là sílẹ̀ lókè, páálí 400 ni yóò máa wà nílẹ̀, 300 tó ń yípo àti 100 fún ìṣọ́ra, ₦5,000,000 ni, ìyípo sì di ọgbọ̀n. Ogún mílíọ̀nù náírà tó tú sílẹ̀, ní èlé ìdá 27, jẹ́ ₦5,400,000 lọ́dún. Ẹni tó bá lè kọ irú gbólóhùn yìí, pẹ̀lú ẹ̀rí, sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ọ̀rọ̀ dídùn.

Láàárín ẹ̀ka ìtajà tó fẹ́ kí ọjà pọ̀ yanturu, ẹ̀ka owó tó fẹ́ kó má sí rárá, àti ẹ̀ka ìṣe tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dúró, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni yóò máa jókòó, gbogbo wọn ni yóò sì máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìdánwò tó le jù ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùpèsè tó fẹ́ kí ìfojúsọ́nà ga kí òun lè rí ọjà púpọ̀ tà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fún òṣìṣẹ́ lówó lábẹ́lẹ̀. Ìfojúsọ́nà tí owó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ní àtúnṣe.

Iṣẹ́ ìjọba

Àwọn tí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni kò wù lè lọ sí ìhà orílẹ̀-èdè. Nínú ìṣirò àpapọ̀ ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, ìyípadà nínú ọjà ìpamọ́ ní ààyè tirẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí tí wọn kò tà jẹ́ ara iṣẹ́ ọdún yìí. Lloyd Metzler, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, fi hàn ní 1941 bí kíkó ọjà jọ àti títú u ká ṣe lè máa gbé ọrọ̀-ajé odidi orílẹ̀-èdè sókè sódò, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà náà sì ń béèrè ìwọ̀n ohun èlò tó wà nílẹ̀ nínú ìwádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníléeṣẹ́. Ilé ìwádìí ọjà ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè, NSPRI, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, ń wádìí bí ọkà, ẹ̀wà àti èso kò ṣe ní bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè; àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ọ̀nà ìtọ́jú tó yẹ kí àgbẹ̀ rà láìsí ẹni tí yóò fi owó rẹ̀ wé èrè rẹ̀.

Ètò oúnjẹ ìpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ni iṣẹ́ tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó tọ́ọ̀nù 42,000 ọkà àti gàrí jáde. Ìbéèrè tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń fi sílẹ̀ ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n tún un rà, iye tí rírà náà yóò fi lé owó ọjà sókè lórí àwọn aráàlú kan náà tí wọ́n kó o jáde fún, àti ìwọ̀n tó yẹ kó máa wà nílẹ̀ kí ọdún burúkú mìíràn tó dé. Orílẹ̀-èdè tó ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ ni, tọ́ọ̀nù 42,000 náà kò sì ju nǹkan bí igba gíráàmù lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó mọ ìṣirò yìí kò tíì pọ̀ tó nínú iṣẹ́ ìjọba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibi tí wọn yóò ti nílò òun lọ wò ó níbẹ̀.